Ìfàsẹ́yìn Ọrọ̀ Ajé Kì Í Bá Ìlú Méjì Dọ́gba: Ti Àgbádárìgì Yàtọ̀ sí Ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti bọ́ nínú ìfàsẹ́yìn tó kó sí lọ́dún tó ṣáájú. Lójú ẹni tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́nà Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní apá Àgbádárìgì, nígbà náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jọ òótọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ àjọ náà ò purọ́, ọlọ́jà náà ò sì sọ àsọdùn. Odidi orílẹ̀-èdè ni àjọ ń wò, Àgbádárìgì ni ọlọ́jà ń wò. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́ òótọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, tí kò sì ní jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. GDP ni àpapọ̀ iye gbogbo ohun tí wọ́n pèsè àti gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú orílẹ̀-èdè láàárín àsìkò kan: ẹja tí wọ́n pa, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe, irun tí wọ́n dì, dátà tí wọ́n tà. Wọ́n máa ń yọ owó ohun èlò kúrò kí wọ́n má baà ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí alákàrà bá ta ₦20,000, tí ẹ̀wà, epo àti igi ìdáná rẹ̀ sì jẹ́ ₦14,000, ₦6,000 ni wọ́n á kà fún un. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni NBS ń ṣe ìṣirò náà. Wọ́n tún máa ń yọ ti ọ̀wọ́n gógó kúrò, nítorí bí kóńgò gàrí bá wọ́n sí i lónìí ju ti àná lọ, gàrí ò pọ̀ sí i, owó rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi oṣù mẹ́ta yẹn wé oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún tó kọjá. Bó bá dín kù nígbà méjì tẹ̀ léra, wọ́n á ní ọrọ̀ ajé ti wọ ìfàsẹ́yìn.

Ní 2016, ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fi hàn pé ọrọ̀ ajé dín ní 0.36% ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì tún dín ní 2.06% ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Odidi ọdún kan kọjá kó tó gòkè ní 0.55% láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà 2017. Nígbà kòrónà, ní 2020, ó já wálẹ̀ ní 6.10%, ó tún dín ní 3.62%, kó tó gòkè ní 0.11% péré ní oṣù mẹ́ta tó parí ọdún.

Nínú gbogbo òfin ìṣirò yìí, kò síbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí owó náà ti dín. Kò sì síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ará ìlú lè ra oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí ọdún 2023 àti 2024 kò fi sí lára ọdún ìfàsẹ́yìn nínú ìwé, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé 34.80% ní oṣù Kejìlá 2024. Ìnira àti ìfàsẹ́yìn kì í ṣe nǹkan kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń rìn pọ̀. Ẹni tó bá ń pe gbogbo ọ̀wọ́n ọjà ní ìfàsẹ́yìn yóò ṣi àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́nà. Ẹni tó bá sì ń sọ pé kò sí ìnira nítorí pé kò sí ìfàsẹ́yìn, òun gan-an ló léwu jù.

Bíbọ́ nínú ìfàsẹ́yìn náà kì í ṣe pípadà sí ibi tí a wà tẹ́lẹ̀. Ká ní ọjà ìlú kan jẹ́ 100, ó já sí 80, ó wá gòkè ní 5%. Ó di 84. Lójú ìṣirò, ìlú náà ti bọ́. Lójú àwọn ará ìlú, 16 ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì rí kó. Kí 80 tó lè padà di 100, ó gbọ́dọ̀ gòkè ní 25%, kì í ṣe 20% tó fi já. Ẹ wá fi iye èèyàn kún un. Iye èèyàn Nàìjíríà ń pọ̀ ní nǹkan bíi 2.5% lọ́dún, ọrọ̀ ajé sì gòkè ní 0.55% nígbà tí wọ́n kéde pé ó ti bọ́. Bí oúnjẹ bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, tí àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín oníkálukú dín kù. Bó ṣe rí nìyẹn ní 2017, 2018 àti 2019: kò sí ọ̀kankan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọrọ̀ ajé gòkè tó 2.5%.

Bí a ṣe lè fojú bu ti ìlú kan

NBS kì í gbé GDP ìjọba ìbílẹ̀ jáde. Kò sí nọ́ńbà Àgbádárìgì, kò sí ti Ẹ̀pẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí àjọ náà ń gbé jáde, tábìlì kan wà tó pín ọrọ̀ ajé sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tábìlì yìí ló sì wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ mọ ti ìlú rẹ̀.

Ẹ wo ti odidi ọdún 2020. Orílẹ̀-èdè lápapọ̀ dín ní 1.92%. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ gòkè ní 2.17%. Ìpè àti dátà gòkè ní 15.90%, nítorí pé gbogbo èèyàn wà nílé tí wọ́n ń tẹ fóònù. Káràkátà dín ní 8.49%. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ dín ní 17.75%. Iṣẹ́ ọkọ̀ àti ìgbẹ́rù dín ní 22.26%. Nínú àwọn tí a kà yìí, ohun tó wà láàárín ẹ̀ka tó gòkè jù àti èyí tó já jù lé ní 38%, èyí tí 1.92% bò mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹ mú ìlú kan tí ìdajì owó tó ń wọlé síbẹ̀ ti inú káràkátà wá, ìdá márùn-ún rẹ̀ kan ti ọkọ̀ wá, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ kan ti hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ wá, tí ìdá márùn-ún kan tó kù sì ti oko àti odò wá. Ẹ fi ìpín kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po nọ́ńbà ẹ̀ka rẹ̀. Káràkátà: 0.5 lọ́nà 8.49, àdánù 4.25. Ọkọ̀: 0.2 lọ́nà 22.26, àdánù 4.45. Hòtẹ́ẹ̀lì: 0.1 lọ́nà 17.75, àdánù 1.78. Oko àti odò: 0.2 lọ́nà 2.17, èrè 0.43. Ẹ kó àdánù jọ, kí ẹ yọ èrè kúrò: ìlú náà dín ní nǹkan bíi 10%. Ìlú mìíràn tí mẹ́fà nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ ti inú oko wá, tí méjì ti káràkátà wá, tí méjì sì ti ìpè àti dátà wá, yóò gòkè ní 2.8% lọ́dún kan náà, lábẹ́ ìjọba kan náà.

Ìpín tí a lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti àdúgbò rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣe: kó mú ojúlé ọgbọ̀n tàbí ogójì ní òpópónà tó yàtọ̀ síra, kó béèrè iṣẹ́ tó ń mú owó tó pọ̀ jù wọlé ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé èèyàn á lọ bi àwọn tó wà lójú ọjà nìkan, gbogbo ìlú á sì jọ ìlú oníṣòwò. Àbùkù kejì ni pé ìṣirò yìí gbà pé káràkátà Àgbádárìgì já bí ti Kánò àti ti Àbá ṣe já. Ní ìlú tí òwò rẹ̀ ti ẹnubodè wá, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àgbádárìgì: ìfàsẹ́yìn tó ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀

Àgbádárìgì ní ẹja, ó ní àgbọn, ó ní etíkun tí àwọn èèyàn ń wá gbafẹ́, ó sì ní àwọn ibi ìtàn òwò ẹrú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àlejò òkèèrè máa ń wá wò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kùtọ̀nú ni òwò ńlá ń gbà. Èbúté Kùtọ̀nú ń gba ẹrù tó pọ̀ ju ohun tí àwọn ará Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fúnra wọn lè lò lọ. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ wá wo bí ọjọ́ ṣe tò. Ní oṣù Kẹfà 2015, báńkì àpapọ̀ ní òun ò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà 41 kan wọlé, ìrẹsì sì wà lára wọn. Ní 2016, kọ́sítọ́ọ̀mù fi òfin de kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017, wọ́n fi òfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, èbúté omi nìkan ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ fi èyí wé ti orílẹ̀-èdè: oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ọ̀nà ọkọ̀ pa ní Sẹ̀mẹ̀ ni GDP bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohun tó fà á tí Nàìjíríà fi ṣubú ní 2016 ni owó epo rọ̀bì tó ti lé ní dọ́là 110 sí àgbá kan ní àárín 2014 já sí ìsàlẹ̀ 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, àti àwọn tó ń fọ́ páìpù ní Niger Delta. Nígbà tí owó epo gbérí tí páìpù sì padà sẹ́nu iṣẹ́, Nàìjíríà gbérí. Kò sí èyí tó kan ọkọ̀ tòkunbọ̀ nínú méjèèjì. Àìsàn Àgbádárìgì yàtọ̀, ìwòsàn orílẹ̀-èdè ò bá a mu.

Èyí tó wá tẹ̀lé e le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa fún ọjà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má ja epo bẹntiróòlù sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà. Àwọn ìlú àti abúlé tó wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sínú àlà yìí, ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì, oní-ọ̀kadà àti alágbàdo tó ń lo ẹ̀rọ ìlọ̀ sì ní láti máa lọ ra epo ní ọ̀nà jíjìn. Ní ìparí oṣù Kẹta 2020, ìsémọ́lé kòrónà dé sí Èkó. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀, òfin tó de ìrẹsì àti ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 2019 tí wọ́n ti bọ́dà yìí, GDP Nàìjíríà gòkè ní 2.27%. Nínú ìwé, ọdún tó dáa ni.

Ìjọba ní ìdí tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Fàyàwọ́ ìrẹsì ń pa àgbẹ̀ ìrẹsì. Òfin tó ba ọjà alájàpá Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ni òfin kan náà tó mú kí àgbẹ̀ Kebbi rí oníbàárà, títí tí ìjọba Èkó àti ti Kebbi fi pawọ́ pọ̀ ṣe ìrẹsì Lake tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù Kejìlá 2016. Bí ètò ọrọ̀ ajé kan ṣe ń ya agbègbè méjì sọ́tọ̀ nìyí: èrè lọ sí ibì kan, àdánù lọ sí ibòmíràn, GDP sì da méjèèjì pọ̀. Ohun tí a lè bá ìjọba wí lórí rẹ̀ ni pé kò sí ètò kankan tó mú díẹ̀ nínú èrè ẹnì kìíní wá bá ẹnì kejì.

Àdánù náà kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ bá. Bí ọkọ̀ ò bá wọlé mọ́, ẹ̀jẹ́ńtì tó ń bá wọn ṣe ìwé ò ní iṣẹ́, alábàárù ò ní ẹrù, olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ò rí ẹni bu oúnjẹ fún, ẹni tó ń ṣẹ́ sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, jókòó lásán, onílé ò rí owó ilé gbà. Ọ̀nà kan wà láti ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ₦100 ní ìlú ń ná ₦60 nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú kan náà. ₦60 náà á di ₦36 lọ́wọ́ ẹnì kẹta, á di ₦21.60 lọ́wọ́ ẹnì kẹrin. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ₦100 tó wọ ìlú ti ṣe iṣẹ́ ₦250. Nítorí náà, bí ₦100 kò bá wọlé mọ́, ₦250 ló sọnù. Bó bá jẹ́ ₦30 péré ni wọ́n ń ná láàárín ìlú, tí ìyókù ń lọ sí Alábà àti Trade Fair, ₦100 yóò ṣe iṣẹ́ nǹkan bíi ₦143. Ìyẹn ni pé ìlú tó ń ra gbogbo nǹkan láti ìta kì í já tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí owó bá dín, ṣùgbọ́n kì í gbérí púpọ̀ náà nígbà tí owó bá dé. Ìlú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá sábà máa ń wà nínú irú èyí.

Ọ̀rọ̀ sẹ́fà ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Owó sẹ́fà so mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yẹ̀. Náírà ní tirẹ̀ ń já. Ní oṣù Kẹfà 2016, láàárín ọjọ́ mélòó kan, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi ₦197 lọ́jà ìjọba ré kọjá ₦280. Ní oṣù kan náà ní 2023, ó gbéra láti nǹkan bíi ₦470. Nígbà tí 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó ní sẹ́fà lọ́wọ́ yóò wá rí i pé ọjà Nàìjíríà ti pọ̀ọ́kú. Tó bá ń ta gàrí, tòmátò, nǹkan oníke tàbí ọṣẹ ní ọjà Àgbálátà, oníbàárà rẹ̀ láti òdìkejì á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń gba owó oṣù ní náírà á bá ẹni tó ní sẹ́fà dù gàrí kan náà, owó gàrí á sì gòkè ju ti ibi tí kò súnmọ́ bọ́dà. Nínú ìlú kan, ní ọjọ́ ọjà kan náà, jíjá náírà sọ ẹnì kan di ọlọ́rọ̀ díẹ̀, ó sì sọ ẹnì kejì di tálákà. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé láti Kùtọ̀nú ni tirẹ̀ burú jù: ó ní láti kó náírà rẹpẹtẹ jọ kó tó rí sẹ́fà tó ń rí tẹ́lẹ̀.

Epo tún wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù Nàìjíríà kò pọ̀ọ́kú mọ́ lójú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, òwò kpayo, epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́hùn-ún, sì dẹnu kọlẹ̀. Fàyàwọ́ ni, kò bófin mu, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ ìṣirò. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti rí àdánù rẹ̀: owó tí kò hàn dáadáa nígbà tó ń wọlé kì í hàn nígbà tó bá dáwọ́ dúró. Olóúnjẹ tó ń ta fún àwọn tó ń ṣe é ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ìkòròdú ń gbé ní ibì kan, ó ń jẹun ní ibòmíràn

Ti Ìkòròdú kò jọ èyí. Owó oṣù ló gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń jí ní òru lọ sí Ìkẹjà, Yàbá àti Erékùṣù. Ọkọ̀ BRT tó ń lọ láti Mile 12 sí Ìkòròdú láti 2015 wà nítorí wọn. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Òdogúnyán. Bí Ìkẹjà bá sáré, Ìkòròdú á rìn. Bí ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà bá ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ, Ìkòròdú ni ìbánújẹ́ náà ń sùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń lo ohun èlò òkèèrè ni ìfàsẹ́yìn 2016 kọ́kọ́ mú, nítorí pé dọ́là wọ́n, ó sì ṣòwọ́n. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín owó kù, àwọn káṣúà ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, nítorí pé kò sí ìwé tó ní kí wọ́n san nǹkan fún wọn. Wọn kì í jẹ́ kó hàn pé wọ́n lé ènìyàn. Wọ́n kàn máa ń dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti mẹ́fà sí mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ohun kan ń yani lẹ́nu níbẹ̀: nígbà tí owó ò sí, owó ilé Ìkòròdú lè máa gòkè. Àwọn tí apá wọn ò ká owó ilé Súrùlérè mọ́ ló ń kó bọ̀. Ká ṣírò rẹ̀ fún ẹnì kan. Ó fi ₦500,000 lọ́dún dín owó ilé kù. Owó ọkọ̀ rẹ̀ wá fi ₦2,000 pọ̀ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Ọjọ́ 22 lóṣù jẹ́ ₦44,000. Oṣù méjìlá jẹ́ ₦528,000. Ó ti fi ₦28,000 pàdánù, ká má tíì sọ wákàtí tó lò nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú nítorí ọ̀wọ́n gógó, owó ọkọ̀ odidi ọdún ni kó kọ́kọ́ ṣírò kó tó lọ wo yàrá, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún pé epo lè tún wọ́n.

Ìkòròdú tún ń kọ́ wa ní ohun tí GDP kì í sọ. Ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹgbin, tó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, wà ní apá Ìjẹ̀dé. Gbogbo iná tó bá ṣe, GDP Èkó ni yóò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojú wáyà gbogbogbòò ni iná náà ń wọ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ń lọ bá àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Ẹni tó ń gbé nítòsí rẹ̀ yóò san owó iná bíi ti gbogbo èèyàn: ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná ẹni tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn pọ̀ jù lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú kan yàtọ̀ sí ohun tí ìlú náà rí gbà.

Ní apá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀kọ́ kan náà ló tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ilé ìfọpo tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́ àti èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí wà ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí tó bá a pààlà. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, ẹ̀rọ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ ti wọ́n. Ẹni tó ní ilẹ̀ tó sì tà á jèrè lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń yá ilẹ̀ dáko pàdánù oko. Síbẹ̀, ẹja àti oko ló jẹ́ kí ìfàsẹ́yìn 2016 má fi bẹ́ẹ̀ ká Ẹ̀pẹ́ mọ́ bó ṣe ká àwọn ìlú onílé-iṣẹ́ mọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ gòkè ní ohun tó lé ní 4% lọ́dún náà ní gbogbo Nàìjíríà, bí dọ́là bá sì wọ́n, ẹja yìnyín láti òkèèrè á wọ́n, ẹja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ á rí oníbàárà.

Owó Àbújá àti ohun tó ń gbé ìlú dúró

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí ìlú já tán: owó oṣù ìjọba. Nínú owó tí ìjọba ń pín lóṣooṣù, yàtọ̀ sí owó orí ọjà (VAT), lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 13% owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ní epo, ìjọba àpapọ̀ ń gba 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72%, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20.60%. Nígbà tí owó epo já, gbogbo rẹ̀ já. Ìpínlẹ̀ tí kò ní owó mìíràn kò lè san owó oṣù. Ní Ọ̀ṣun, láti 2015 fún ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò gba owó oṣù wọn pé. Èkó ń pa owó tirẹ̀ wọlé, ó lé ní ₦300 bílíọ̀nù ní 2016, nítorí náà olùkọ́ Àgbádárìgì ń gba owó rẹ̀ pé. Owó oṣù náà ni ìyá aláṣọ àti alápatà fi rí ẹni tà fún. Àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ọ̀kan wà ní Àgbádárìgì tí èkejì wà ní Ìwó, rí ìfàsẹ́yìn méjì tó yàtọ̀.

Àmọ́ ìjọba tí owó rẹ̀ bá dín ní láti gé nǹkan kan. Kò rọrùn láti gé owó oṣù, nítorí náà ọ̀nà àti afárá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé, ọ̀nà tó jìn sí àárín ìlú ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin Blue Line: láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò láti Marina, Mile 2 ló sì ń dúró sí. Láti Mile 2 dé Àgbádárìgì, títì ni, àti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lórí rẹ̀. Gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ àgbọn bá lò lójú ọ̀nà wà lára owó àgbọn. Nígbà tí ọjà bá dùn, oníbàárà ló ń san án. Nígbà tí owó bá ṣọ̀wọ́n, oníbàárà ò ní gbà, alágbọn ni yóò gbé e mì.

Ìwádìí NBS tó parí ní 2019 sọ pé 40.1% àwọn ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ tálákà. Ó jẹ́ 87.7% ní Sókótó, ó sì jẹ́ 4.5% ní Èkó. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn 4.5% yìí. Ìpíndọ́gba ni òun náà. Ó da Ikoyi pọ̀ mọ́ Gbẹrẹfú àti Àjárá ní Àgbádárìgì, kò sì sọ èyí tó wà lókè tàbí èyí tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n sì ti parí ìwádìí náà kí kòrónà tó dé.

Nígbà tí àjọ náà bá tún gbé ìwé jáde, ẹ fo gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ lọ tààrà sí tábìlì ẹ̀ka. Ẹ wá ẹ̀ka mẹ́ta tí ìlú yín fi ń jẹun. Ẹ ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀, nítorí pé ó lè gbé gbogbo nọ́ńbà sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní Àgbádárìgì rí kọ́bọ̀. Ẹ fi ìgòkè náà wé 2.5% tí èèyàn fi ń pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọjà, kí ẹ béèrè ohun tó máa ń tètè sọ òótọ́: iye ìṣọ̀ tó ṣófo, iye ọjọ́ tí àwọn káṣúà ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, bí àwọn alájọ ṣe ń dá owó pé sí, àti iye oníbàárà tó ń ra àwìn ní ilé oníprófíṣọ̀n. Àwọn wọ̀nyí máa ń yí padà kí nọ́ńbà ìjọba tó jáde.

Ẹ sì máa wo ọdún tí wọ́n fi wé ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwò Sẹ̀mẹ̀ gòkè gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni wọ́n máa fi wé e, nígbà tí bọ́dà wà ní títì pa. Ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ni kí ẹ ní kí wọ́n fi wé e.